Ṣé Òjò Ń Rọ̀ Níbẹ̀?

Àṣàbí, ẹyinjú mi,

Dẹ́rẹ́bà tó máa ń ná Ìbàdàn láti gáréèjì Ayétòrò ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ, òun àti àpò láfún kan. Mo gbàdúrà kí àwọn méjèèjì bá ọ nílé, kí wọ́n sì bá ọ nínú ara líle. Má tíì tú àpò náà. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

Má bínú pé mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Lórí fóònù, ìwọ á máa dá mi lẹ́nu, èmi náà á máa fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀, a ó sì pa á tì síbẹ̀. Má sì jẹ́ kí bí mo ṣe kọ̀wé yìí yà ọ́ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ó rí gàdàgbà bí ìwé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A-B-D. Ohun tó fà á wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

O sọ fún mi pé wọ́n ti fún ọ níṣẹ́ lókè òkun lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ sátẹ́láìtì kékeré tí yóò máa wo afẹ́fẹ́ àwọn ayé tó jìnnà, àwọn tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po. O ní ìwọ ni yóò máa bójú tó ojú rẹ̀, kó lè dá gbogbo yín lójú pé òótọ́ ni ohun tó bá rí. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó padà wálé wá máa kọ́ni ni wọ́n tún gbé lé ọmọ mi lọ́wọ́. O wá bi mí pé, "Màmá, ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró tì yín?" Mo ní kó o jẹ́ kí n rò ó.

Mo ti rò ó. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ọ lóhùn, ohun kan wà tí Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Ílaròó, ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ títí wàá fi débẹ̀ tí ìdí rẹ yóò fi jókòó. N ó sọ ọ́ báyìí. Ojú mi ń lọ, Àṣàbí. Dókítà ojú tí mo lọ rí l'Ábẹ́òkúta pè é ní gílókómà. Kò dùn mí, kò sì pọ́n. Láti etí ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín, bí ikán ṣe ń jẹ ẹní. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Oògùn tí mò ń kán sí i lè dá ìyókù dúró, ó sì lè má dá a dúró. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gàdàgbà nìyẹn.

Ewúrẹ́ ló tú àṣírí náà. Mo sá láfún sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì í kí n lè máa lé ẹran. Ìyá Ṣùkúrà, aránṣọ tó wà lójúlé kejì sí wa, yọjú láti ẹnu ọgbà, ló bá ké:

"Ìyá dókítà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìràwọ̀! Ewúrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ láfún yín tán, ẹ sì jókòó tì í bí ẹni tó pè é wá jẹun!"

"Ewúrẹ́ wo?"

"Ewúrẹ́ wo kẹ̀? Èyí tó wà lápá ọ̀tún yín yìí ńkọ́? Àbí ẹ̀yin lẹ bù ú fún un ni?"

Mo yí orí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, láfún ti kun irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyá Ṣùkúrà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ọgbà mú. Lẹ́yìn náà ló wò mí dáadáa. Ó wọlé wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọwọ́.

"Mọ̀mọ́, ṣé ẹ ò rí ọwọ́ mi yìí ni?"

Mi ò rí i.

Ẹ̀gbọ́n Múfú wá kí mi nígbà tó gbọ́. Ó jókòó síbi tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí, ó ní, "Gbọ́, àbúrò mi. Ọmọ yẹn ń gòkè lọ. Bó bá gbọ́ èyí, kò ní lọ mọ́. Jẹ́ ká pa á mọ́ra. Bó bá débẹ̀ tán, tó ti ń jẹ oúnjẹ wọn, a ó máa sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀."

Mo ní, "Bí ẹ ṣe ṣe ti Bàbá?"

Ó ṣí fìlà, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀. "Ti Bàbá yàtọ̀," ló wí.

Kò yàtọ̀. O mọ̀ pé bàbá mi kú nígbà tí mo wà lókè òkun. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni n kò sọ fún ọ rí. N ó sọ ọ́ lónìí, n ó sì da ìmọ̀ràn mi pọ̀ mọ́ ọn, nítorí ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. O mọ̀ mí, mi ò lè sọ ohun kan láìbẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Fara dà á fún mi.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìlárá, ó sì máa ń ru àgbàdo kọjá bodè lọ tà títí dé apá Kétu. Ibẹ̀ ló ti kó Faransé kékeré kan wálé, èyí tí wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà, kò sì mọ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, Ẹ̀gbọ́n Múfú nìkan ló ní fóònù nínú ilé wa. Bàbá á wá jókòó dè mí ní ṣọ́ọ̀bù tó ní l'Ayétòrò nígbà náà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá ti pè:

"Sà và, ọmọ mi?"

"Sà và, Bàbá."

"Ṣé òjò rọ̀ níbẹ̀?"

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, kó tó béèrè ara, kó tó béèrè ẹ̀kọ́. Lójú tirẹ̀, ìlú tí òjò kì í rọ̀ sí kì í ṣe ibi téèyàn ń fi ọmọ sí.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi gan-an fún òun, nítorí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń sọ pé ìràwọ̀ ni mò ń kà bí àwọn woṣẹ́woṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, ayé kan wà tó ń yí ìràwọ̀ tirẹ̀ po. Ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí a ò lè rí i. Ìràwọ̀ rẹ̀ nìkan la ń rí. Ṣùgbọ́n bí ayé náà bá ń kọjá níwájú ìràwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á dín díẹ̀."

"Bí ìgbà tí kòkòrò bá fò kọjá níwájú fìtílà."

"Ẹ gbà á. Wàyí o, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á gba inú afẹ́fẹ́ tó yí ayé náà ká kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ní àwọ̀ tirẹ̀ tó máa ń gbé mì lára ìmọ́lẹ̀. Omi ní tirẹ̀, èéfín ní tirẹ̀. Bí a bá tẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà bí òṣùmàrè, a ó rí ibi tó ṣófo nínú rẹ̀. Ibi tó ṣófo yẹn ló ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa."

Ó wúkọ́. "Ìyẹn ni pé ohun tí kò sí lẹ̀ ń kà."

"Ohun tó yẹ kó wà tí kò sí, Bàbá."

"Ó yé mi. Bí a bá lọ ṣe àáró lóko ẹnìkan, tí mo débẹ̀ tí mo rí poro kan tí wọn ò ro láàárín àwọn tí wọ́n ti ro, mo mọ ẹni tí kò wá. Kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún mi." Ó tún wúkọ́. "Ayé tó ò ń sọ yẹn, ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀?"

"Ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn."

"Tó o bá mọ̀ ọ́n, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún."

Mo sì kánjú sọ fún un. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ti jáde: mọ ohun tó jẹ́ tìrẹ kó o tó sọ̀rọ̀ nípa ti ẹlòmíràn. Láyé ìgbà yẹn, láti orí ilẹ̀ la ti ń wo ìràwọ̀. Mo tẹ́ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí àmì omi nínú rẹ̀, ó hàn kedere. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Mo pe ilé, kì í tilẹ̀ ṣe ọjọ́ Àìkú, mo ní kí wọ́n sáré pe Bàbá wá. "Bàbá, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ o!" Mo gbọ́ bó ṣe kígbe sáàárín ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo wọn dá a lóhùn bí ẹni pé oko tiwọn ni òjò náà rọ̀ sí.

Ọ̀gá mi wo iṣẹ́ náà, kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí níbi tí awò tí a fi ń wo ìràwọ̀ wà nígbà tí mo ya àwòrán náà? Mo lọ wò ó. Ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba ojú sánmà kọjá. Omi tí mo rí kì í ṣe ti ayé ẹnikẹ́ni, omi inú afẹ́fẹ́ tiwa níbí ni, èyí tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá kó tó bọ́ sínú awò. Ó di dandan kí n tún pe Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Itọ́ ẹnu rẹ lo tọ́ wò, o ní ọbẹ̀ ti níyọ̀!"

Ìdí tí ẹ fi ń gbé sátẹ́láìtì kọjá afẹ́fẹ́ ayé wa nìyẹn, kó má bàa tọ́ itọ́ wa wò. Ṣùgbọ́n má rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ooru tirẹ̀, ó ní ariwo tirẹ̀, ó sì máa ń mì díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé e lọ sókè, bo ojú rẹ̀, kó o sì jẹ́ kó ya àwòrán òkùnkùn. Ohunkóhun tó bá rí nínú òkùnkùn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló dá a. Kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tó bá rí lẹ́yìn náà. Ṣe é ní ìgbà òtútù, ṣe é ní ìgbà ooru. Má dúró dìgbà tó o bá fura.

Ṣe é fún ara rẹ pẹ̀lú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀hún, ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ń lo yàrá iṣẹ́ kan. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa. Ó wọlé lọ́jọ́ kìíní, kò kí mi. Mo ní kò burú, bóyá ìrònú ló gbà á lọ́kàn. Ó wọlé lọ́jọ́ kejì, kò kí mi. Èmi ọmọ Ayétòrò, mo jókòó, mo ń retí kí ọmọ kékeré kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ní ìlú tí ẹnì kankan kì í kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan! Mo gbà pé ó kórìíra mi. Mo ń dá oúnjẹ mi jẹ lórí àtẹ̀gùn fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi kúrò ló sunkún, tó ní òun rò pé èmi ni mi ò fẹ́ràn òun, nítorí mi ò la ẹnu bá òun sọ̀rọ̀ rí. Àwòrán òkùnkùn ni mo ti ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn, Àṣàbí, tí mo ń pè é ní ojú rẹ̀. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kí wọn. Kò sí ohun tó máa yọ lára rẹ.

Ìmọ̀ràn kejì kúrú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kíkéré sátẹ́láìtì yín ṣe yẹ̀yẹ́. O ní kò ju páálí bàtà lọ. Ó tó. Àwọn awò ńláńlá tó wà lókè, gbogbo ayé ló ń tò fún wọn. Bí wọ́n bá fún ọ láyè díẹ̀, wọ́n á ní kó o dìde fún ẹlòmíràn. Èyí tó kéré lè dúró ti ìràwọ̀ kan ṣoṣo, kó máa wò ó, kó máa wò ó, títí ayé tó ń yí i po yóò fi kọjá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí ojú kò rí nínú ìkọjá kan, ó lè hàn bí a bá to ọ̀pọ̀ ìkọjá lé ara wọn. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìràwọ̀ púpọ̀ ni mo fẹ́ wò kí orúkọ mi lè tètè jáde. Kò sí èyí tí mo mọ̀ dénú nínú gbogbo wọn.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ kó o kà dáadáa. Ìràwọ̀ náà ní àbàwọ́n tirẹ̀. Àmì dúdú máa ń wà lójú rẹ̀, ó sì máa ń yí, àmì yẹn sì lè ṣe bí ẹni pé omi wà nínú afẹ́fẹ́ ayé tó ń kọjá. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìkọjá nìkan lo máa ń wo ìràwọ̀, á tàn ọ́ jẹ. Wò ó lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí kò sí ẹni tó dí i. Ọjọ́ tí kò sí nǹkan, ọjọ́ iṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Èmi mọ èyí fún ìràwọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n fún ilé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mò ń pe ilé, mo ń kánjú nítorí káàdì fóònù tó ń tán lọ, mo ń da gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń lọ. Bí sátẹ́láìtì ṣe ń ṣe gan-an: ìgbà tó bá ń kọjá lókè ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ nìkan ló ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ní ìyókù ìgbà, á dákẹ́. Ìdánwò mi tó kẹ́yìn ti sún mọ́lé. Mo pè lọ́jọ́ Àìkú kan, Ẹ̀gbọ́n Múfú ló gbé e.

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá wà lóko. Iṣẹ́ pọ̀ lásìkò yìí."

Ọjọ́ Àìkú kejì, Bàbá ń kírun. Èyí tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti sùn.

"Ní ọ̀sán gangan?"

"Àgbà ni, àbúrò mi. Ara á máa béèrè ìsinmi. Gbájú mọ́ ìwé rẹ."

Mo gbájú mọ́ ìwé mi. Mo ra ẹ̀wù òtútù tó nípọn kan tí Bàbá lè máa wọ̀ lọ sóko lásìkò ọyẹ́, mo fi rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé. Mo pè láti béèrè. "Ṣé ó bá a mu?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó bá a mu rẹ́gí." Inú mi dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Àṣàbí, ní gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá òjò rọ̀. Èmi tí mo lè jókòó ti ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kí n sì mọ̀ bó bá dín ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí, mi ò rí i pé ìbéèrè kan ti kúrò nínú ohùn ilé wa. Poro kan wà láìro láàárín oko, mò ń kọjá lára rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo wálé. Ẹ̀gbọ́n Múfú wá pàdé mi n'Ílaròó, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, kò sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ títí a fi dé Ayétòrò. Mo rò pé ọ̀nà tí kò dára ló mú un dákẹ́. Àwọn ará ilé tú jáde, wọ́n ń kí mi káàbọ̀, wọ́n ń dì mọ́ mi. Ìyá arúgbó kan láti agbolé kejì, tí ẹnikẹ́ni kò rántí kìlọ̀ fún, di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á tẹ̀yìn bàbá ṣe." Ẹnìkan fà á sẹ́yìn, ó ti pẹ́ jù. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó lè wo tèmi.

Wọ́n mú mi lọ sí ibojì Bàbá ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Koríko ti hù lórí rẹ̀. Òjò ti rọ̀ sí i lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ rẹ̀ ti jókòó. Nígbà tí mo wọ yàrá rẹ̀, mo rí ẹ̀wù òtútù náà lórí ìṣó, nínú ọ̀rá tí mo fi dì í, tí ẹnì kan kò tú.

Mo bi Ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé. Ó ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká má sọ. Ó ní ibi tó jìnnà lọmọ òun ń wò, ká má fà á lójú sẹ́yìn." Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò lè bínú sí i pẹ́. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ìwọ náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé púpọ̀ níbí nìyẹn fún ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọn ò lè dá a padà. Gbogbo wọn ti sunkún tán, wọ́n ti nu ojú, wọ́n ti padà sóko. Èmi nìkan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún láàárín àwọn tó ń sọ fún mi pé ó ti tó. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó bá mi sin bàbá mi.

Nítorí náà ni mi ò fi gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ojú yìí. Mo sì ti sọ fún un pé mo ń kọ lẹ́tà. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, orí rẹ le!" Lẹ́yìn náà ó ní, "Bá mi sọ fún un pé kó jẹun kánú o. Ìyẹn náà kó o má gbàgbé kọ."

Ìdáhùn mi rèé, ọmọ mi àtàtà. Lọ.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé kò ní ṣe mí ní nǹkan kan. Ilé yìí dákẹ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń gun ọ̀kadà kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láàárín méjèèjì, mo lè gbọ́ bí agogo ara ògiri ṣe ń rìn. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń yí rédíò sí ti ìkọjá bodè, àwọn tó ń sọ Faransé. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ohùn ènìyàn ni mo fẹ́. Bó o bá lọ, n ó máa gbọ́ rédíò náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fi ní kó o lọ.

Ṣùgbọ́n bó o bá dúró, ojú mi kò ní tìtorí ìyẹn padà bọ̀ sípò. Ìwọ̀nba ìríran tó kù fún mi, mi ò fẹ́ fi máa wo ọmọ tí mo dá dúró. Ìyá Ṣùkúrà ló ń bá mi kán oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní òun ń gba owó ọ̀yà rẹ̀ lára mi, nítorí òun ń fi mí ṣe ẹ̀rín fún àwọn oníbàárà òun. Ó bi mí lánàá pé, "Mọ̀mọ́, ayé tí ẹnì kan ò lè dé, kí ni wọ́n fẹ́ fi afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe?" Mo ní wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwa nìkan ni òjò ń rọ̀ fún. Ó fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gún un lẹ́ẹ̀kejì. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ó máa ń dunni kéèyàn dá nìkan wà."

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Bí mo bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, n ó sọ ohun tó sọ fún ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ìbáà dára, ìbáà má dára. Ìwọ náà, bí nǹkan bá le lọ́hùn-ún, má sọ fún mi pé o wà dáadáa. Má sì dúró de ọjọ́ Àìkú. Pè mí lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan. Pè mí kó o sọ pé ìrẹsì jóná, pé bàtà ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀. Kí n lè mọ bí ohùn rẹ ṣe máa ń rí nígbà tí kò sí ohun tó dí i.

Wàyí o, tú àpò láfún náà. Ẹ̀wù kan wà nísàlẹ̀, nínú ọ̀rá. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Yóò tóbi fún ọ, ká apá rẹ̀ sókè. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ tiwa.

Bó o bá pè, èmi ni n ó kọ́kọ́ béèrè bóyá òjò rọ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni kó o máa tẹ́tí sí. Bí ẹlòmíràn bá gbé fóònù mi, tó ní mo wà lóko, rán an létí pé mi ò ní oko. Bó bá ní mò ń kírun, dúró kí n kí i tán. Bó bá sì ní mo ti sùn, Àṣàbí mi, sọ fún un pé kó jí mi.

Ìyá rẹ.